Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Tí Kò Sí ní Hubli

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ Sudha Murty ti ń jà gùdù lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé mi ò mọ ìtàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ nípa obìnrin ẹnjiníà ará Íńdíà tó kọ pósíkáàdì sí ọ̀gá àgbà Tata, tó yọ 10,000 rúpìì fún ọkọ rẹ̀ kí wọ́n fi dá Infosys sílẹ̀ ní 1981, tó wá di òǹkọ̀wé àti olùrànlọ́wọ́ aláìní, tó sì tún jẹ́ ìyá ìyàwó Rishi Sunak tó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ń gún mi lọ́kàn ni pé nígbàkigbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí, pósíkáàdì la máa ń gbé sókè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà nínú ìtàn kan náà tí a máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Pósíkáàdì náà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀

Ẹ jẹ́ ká tún pósíkáàdì náà wò ná. Ọdún 1974 ni. Sudha Kulkarni, bó ṣe ń jẹ́ kó tó lọ́kọ, ń parí oyè kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Indian Institute of Science ní Bangalore. Òun nìkan ni obìnrin ní ẹ̀ka rẹ̀. Ìkéde kan wà lára pátákó: TELCO, ilé iṣẹ́ Tata tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tó ń jẹ́ Tata Motors lónìí, ń wá ọ̀dọ́ ẹnjiníà tí orí rẹ̀ pé, owó oṣù 1,500 rúpìì. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí obìnrin má wulẹ̀ kọ̀wé wá.

Ẹni tó bá sáré ka ìtàn yìí á ní ìbínú ló kọ lẹ́tà náà. Ìbínú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe to ọ̀rọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn náà, kò bẹ̀ wọ́n, kò sì ka máàkì rẹ̀ fún wọn. Oríkì ilé Tata ló fi bẹ̀rẹ̀: àwọn ló ṣáájú nínú iṣẹ́ irin, kẹ́míkà, aṣọ àti ọkọ̀ ojú irin ní Íńdíà, àwọn náà ló wà nídìí ilé ẹ̀kọ́ tí òun ń lọ yìí. Ìgbà tó kì wọ́n tán ló wá ní ó ya òun lẹ́nu pé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè máa yan akọ, kó fi abo sílẹ̀. Ìwọ̀n tí onílé fi ń wọn ara rẹ̀ ló gbà lọ́wọ́ onílé, ló fi wọ̀n ọ́n. Àwọn èèyàn Bangalore ṣì ń pe ilé ẹ̀kọ́ náà ní Tata Institute di òní, torí èrò Jamsetji Tata, ẹni tó dá ilé Tata sílẹ̀, ló bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá náà ti kú ní 1904, ọdún márùn-ún kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 1909. Ìyẹn ni pé lábẹ́ òrùlé Tata ló jókòó sí tó ń bá Tata wí.

Ẹni tó sì kọ ọ́ sí kọ́ ló yẹ kó kọ ọ́ sí. Sumant Moolgaokar ni alága TELCO nígbà náà, ọmọbìnrin náà ò mọ̀. Àwòrán J. R. D. Tata, olórí gbogbo ilé iṣẹ́ Tata, ló máa ń rí nínú ìwé ìròyìn, òun ló bá kọ̀wé sí. Mo gbà pé àṣìṣe yìí ṣe é lóore. Ká ní ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ ló kọ ọ́ sí ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn gan-an ni ì bá bọ́ sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ni ọ̀rọ̀ orúkọ ilé máa ń ká lára jù. Ẹ má sì gbàgbé pé pósíkáàdì ò ní àpòòwé: gbogbo ọwọ́ tó bá gbà kọjá ló lè kà á.

Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí wáyà fi dé. Kó wá sí Pune fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ilé iṣẹ́ ló máa san owó ọkọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ rèé, kó bá àwọn ra sárì Pune bọ̀, torí kò wọ́n níbẹ̀. Ó gba 30 rúpìì lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan tó fẹ́ sárì. Mo fẹ́ràn apá yìí gan-an, torí ó fi hàn pé ọjà ló bá lọ, kò retí iṣẹ́. Ó ti ń gbèrò láti lọ ka ìwé ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn sì ni bàbá rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn pamọ́ nígbà tí a bá ń yin ìgboyà rẹ̀. Ẹni tí ebi ò pa lè bá ọ̀gá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ebi ń pa á gbé mì.

Ọkùnrin mẹ́fà ló jókòó dè é. Ìbéèrè iṣẹ́ ni wọ́n bi í, ó sì ń dáhùn wọn. Nígbà tó yá, àgbàlagbà kan láàárín wọn fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un: àwọn ò tíì gba obìnrin síbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ rí, ilé iṣẹ́ lèyí, kì í ṣe ilé ìwé tí akọ àti abo jọ ń lọ, irú ẹni tó ń gba ipò kìíní bíi tirẹ̀ ì bá kúkú wà ní ibi ìwádìí. Ó fèsì pé ó níbì kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ obìnrin kankan ò ní lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láé. Wọ́n gbà á.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà yẹn ni mo ń tú wò láti ìgbà yìí. Kò sọ pé obìnrin ò lọ́gbọ́n. Ó tiẹ̀ yìn ín. Ilé ló ń júwe, kì í ṣe obìnrin. Ohun tó ń sọ ni pé nígbà tí a ń ya àwòrán ilé yìí, irú yín ò sí lọ́kàn wa.

Àga wà, ibi ìtura ò sí

Ọmọbìnrin náà ti gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Kó tó dé Bangalore, B. V. B. College of Engineering ní Hubli, ìlú kan ní àríwá Karnataka, ló ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ iná mànàmáná. Ọkùnrin 599 àti òun nìkan. Máàkì rẹ̀ ga débi pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ò rí i kọ̀, ló bá gbé òfin mẹ́ta kalẹ̀: sárì ni kó máa wọ̀ lójoojúmọ́, kó má dé ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, kó má sì bá ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkẹta ló kọ́kọ́ já, torí nígbà tí èsì ìdánwò jáde tó gbapò kìíní, àwọn ọkùnrin náà ló wá ń bá a sọ̀rọ̀.

Òfin mẹ́ta yìí làwọn èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò sí nínú òfin ló le jù: kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin kankan nínú gbogbo ọgbà náà. Kò sẹ́ni tó fi dù ú. Wọn ò kọ́ ọ ni. Bó bá ti ń kúrò nílé láàárọ̀, kì í mu omi. Ó di ìgbà tó bá fẹsẹ̀ rìn padà délé.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ara, torí ó yẹ ká sọ ọ́. Ẹni tí kò mu omi láti àárọ̀ di ọ̀sán nínú ooru àríwá Karnataka, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, orí á máa fọ́ ọ, ìfọkànsí rẹ̀ lórí iṣẹ́ á dín kù. Ẹni tó sì ń fún ìtọ̀ pọ̀ lójoojúmọ́ ń pe àìsàn ọ̀nà ìtọ̀. Tí nǹkan oṣù bá dé, ọ̀rọ̀ di méjì: kó fi aṣọ kan náà jókòó fún wákàtí mẹ́fà, tàbí kó pa kíláàsì jẹ. Ọdún tí èèyàn fi ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ti san owó ìlọ́po méjì lórí ọjà tí àwọn 599 yòókù ra.

Ìdí rèé tí mo fi ní a ń gbé pósíkáàdì ga jù. Pósíkáàdì ń mú ẹnì kan wọlé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún lè jókòó.

Kòtò méjì

Nígbà tí Infosys lówó, tí wọ́n dá Infosys Foundation sílẹ̀ ní 1996, tí Sudha Murty sì wá di alága rẹ̀ títí di ìparí 2021, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lára ohun tó gbájú mọ́. Iye tí wọ́n sábà máa ń kéde ni 16,000. Ṣùgbọ́n iye ò sọ nǹkan kan fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rọrùn láti kọ́, ó rọrùn láti bà jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní abúlé Íńdíà ni oníkòtò méjì, irú èyí tí Bindeshwar Pathak àti àjọ Sulabh tó dá sílẹ̀ ní 1970 tàn káàkiri. Kò jọ ṣálángá. Àwo rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, bíi dígíríì 25 sí 28, kí omi lítà kan ààbọ̀ sí méjì lè gbá gbogbo ẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀ àwo náà, ọrùn páìpù tẹ̀ kọdọrọ, omi tó ga tó mìlímítà 20 sì máa ń dúró nínú rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí òórùn àti eṣinṣin gòkè. Páìpù yìí lọ sí àpótí kékeré kan tó ya sí méjì bí oríta: ọ̀nà kan lọ sí kòtò àkọ́kọ́, ìkejì lọ sí kòtò kejì. Ọ̀kan ṣoṣo ni a ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Bíríkì tí a fi àlàfo sáàárín rẹ̀ ni a fi mọ ògiri kòtò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ lásán, kí omi àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè máa wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí ilé èèyàn márùn-ún bá ń lò ó, kòtò kan lè tó ọdún mẹ́ta. Tó bá kún, a ó dí i, a ó ṣí èkejì. Tí èyí tó kún bá sinmi fún ọdún méjì, ohun inú rẹ̀ á di erùpẹ̀ gbígbẹ tí kò rùn, tó ṣeé kó sí oko.

Agbépòó ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Àwọn àgbà wa rántí agbépòó dáadáa. Ní Íńdíà, ọ̀rọ̀ ìran ló jẹ́, a máa ń bí ọmọ sínú rẹ̀. Kòtò tó bá sinmi tó ọdún méjì, ẹnikẹ́ni ló lè kó o láìfi ọwọ́ kan ìgbẹ́ tútù.

Ibo ló ti ń bàjẹ́? Bíríkìlà ló sábà máa ń bà á jẹ́ pẹ̀lú èrò rere. Á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìsàlẹ̀ kòtò àti ògiri rẹ̀ kó “lè lágbára”, omi ò ní ríbi gbà, kòtò tó yẹ kó lo ọdún mẹ́ta á kún láàárín oṣù díẹ̀. Tàbí kó so páìpù mọ́ kòtò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jọ kún, ọ̀kankan ò ní rí ìsinmi. Tàbí kó gbẹ́ wọn sún mọ́ra ju mítà kan lọ, omi èyí tí a ń lò á máa rin èyí tó yẹ kó gbẹ. Ní ilé ìwé, wàhálà tún yàtọ̀. Ọmọ 200 á sáré wọlé lákòókò ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ omi wà níta, kò sí inú. Ilẹ̀kùn ò ṣeé tì láti inú. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá ilé ìwé torí àlejò. Tí kò bá sí garawa ìdọ̀tí fún páàdì, ọ̀dọ́mọbìnrin á ju aṣọ rẹ̀ sínú àwo, ọrùn páìpù á dí, wọ́n á ti ibẹ̀ pa. Òfin ẹ̀kọ́ Íńdíà ti 2009 ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n tì pa náà wà nínú iye tí wọ́n kà.

Sálúbàtà ní Raichur

Ẹ má rò pé ẹnjiníà yìí mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àjọ náà dáwọ́ lé fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Àwọn devadasi ní agbègbè Raichur ni: àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi jìn fún òrìṣà Yellamma láti kékeré, tí ọ̀nà náà sì ti dà wọ́n sínú òwò nàbì. (Ẹ má fi wé ìyàwó òrìṣà tiwa, ọ̀nà wọn jìn síra.) Òfin Karnataka ti ka àṣà náà léèwọ̀ láti 1982, ṣùgbọ́n òfin ò fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ.

Ó lọ bá wọn pẹ̀lú sòkòtò jíǹsì àti ẹ̀wù ọrùn róbótó, ó ní òun wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n sọ sálúbàtà lù ú. Ó padà lọ, tòmátò ló bá a lọ́tẹ̀ yìí. Àlejò lójú, kò fi ríran. Bàbá rẹ̀ ló sọ ibi tó kù sí fún un: wo aṣọ ọrùn rẹ, ta ni kí wọ́n rò pé o jẹ́? Bàbá náà tẹ̀ lé e lọ. Sudha wọ sárì, ó fi ṣéènì ìgbéyàwó sọ́rùn, ó wọ ẹ̀gbà ọwọ́, ó sì lẹ àmì pupa ńlá síwájú orí. Ó fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, ó ń béèrè ọmọ wọn: ṣé ó ń lọ sílé ìwé, ta ló ń sanwó? Ibẹ̀ ni etí ti ṣí. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fi dópin, àwọn obìnrin náà gbé aṣọ ìbora kan fún un tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú wọn gán, ẹnìkọ̀ọ̀kan abẹ́rẹ́ kan.

Ìyá àgbà àti ááfábẹ́ẹ̀tì

Ní ti ìwé kíkọ, èdè Kannada ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọdé ló sì mọ̀ ọ́n jù. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó lọ tààrà. Àwọn kan ní ó rọrùn jù. Èmi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti wá.

Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, òun ló máa ń ka ìtàn àtẹ̀lé kan láti ọwọ́ òǹkọ̀wé Triveni nínú ìwé ìròyìn Karmaveera fún ìyá àgbà rẹ̀ tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ọmọ náà lọ síbi ìgbéyàwó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé ìròyìn dé, ìyá àgbà ń yí ojú ewé rẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kankan kà, ojú sì ń tì í láti bẹ ará ilé. Nígbà tí ọmọ dé, ẹkún ló fi pàdé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ̀ọ́kà kí ọdún òrìṣà Saraswati tó dé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ọmọ náà kọ́ ọ. Lọ́jọ́ ọdún, ìyá ẹni ọdún 62 bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀, torí ẹsẹ̀ olùkọ́ ni wọ́n máa ń fọwọ́ kàn lọ́hùn-ún, ọjọ́ orí ò kan ibẹ̀.

Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ìyá àgbà tó ń kọ́ lẹ́tà ní ọdún 62 ò ní kọ gbólóhùn tó lọ́rùn gígùn. Ìwé tí àjọ rẹ̀ kó lọ sí àwọn ilé ìkàwé ilé ìwé abúlé, ilé ìkàwé tí iye wọn lé ní 50,000, ọ̀nà kan náà ló gbà.

Ilẹ̀kùn inú ilé

Apá kan ṣẹ́ kù tó ń dùn mí. Obìnrin tó ní kí TELCO bẹ̀rẹ̀ níbì kan, ilé tirẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì pé kó má wulẹ̀ wá. Nígbà tí Infosys bẹ̀rẹ̀, nínú 10,250 rúpìì tó ti tọ́jú pamọ́, ó kó 10,000 sílẹ̀ fún Narayana Murthy, ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní kí tọkọtaya má jọ wà nínú ilé iṣẹ́ kan náà, kí ó má dà bí òwò ẹbí: òun tàbí ìyàwó òun, kó mú ọ̀kan. Ó fi sílẹ̀ fún ọkọ.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, Murthy sọ ọ́ ní gbangba pé àṣìṣe lòun ṣe, àti pé ìyàwó òun mọ iṣẹ́ náà ju òun àti àwọn mẹ́fà yòókù tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀ lọ. Ọdún 43 ti lọ. A lè sọ pé àjọ ìrànlọ́wọ́ ló jàǹfààní ohun tí Infosys pàdánù. Mo ti gbọ́ ìyẹn, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ pàrọ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ àgbà Íńdíà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ níbẹ̀, ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, kò mẹ́nu ba pósíkáàdì. Àrùn jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló sọ̀rọ̀ lé: kí ìjọba gún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ní 1,400 rúpìì ni wọ́n ń tà á lọ́jà, tí ìjọba bá dúnàá dúrà, á wá sí 700 tàbí 800.